Páálí Tí Afẹ́fẹ́ Kò Mì

Obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn náà kò sẹ́, kò sì jẹ́wọ́. Ó kàn jókòó sórí àga onígi nínú yàrá ìbéèrè, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì wà lásán.

"Àǹtí, rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn dà?" ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi í.

Obìnrin náà fa ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà sábẹ́ àga.

"Ta lẹ tà á fún?"

Ó ṣì ń wolẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, ilé ẹjọ́ là ń gbé yín lọ? Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí adájọ́ ṣíjú àánú wò yín, ta ló máa gba ẹni tí wọ́n ti pè lólè síṣẹ́ mọ́?"

Obìnrin náà gbójú sókè díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ jà lólè?"

"Ṣé ẹnì kankan wà níbẹ̀ ṣá? Wọn kì í dá wà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lára. Òun náà ti bi olè léèrè ọ̀rọ̀ rí, kò kéré. Àwọn kan á bú u, àwọn kan á sunkún, àwọn kan á fi orí ìyá wọn búra. Kò tíì rí èyí tó ń béèrè bóyá ẹni tí òun jà lólè rí ẹni dúró tì í. Ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn pa, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ara rẹ̀ bó ṣe dùn ní àárọ̀.

Àwòdì ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, nítorí kò sí òròmọdìyẹ ọ̀rọ̀ tó sá pamọ́ tí kì í rí láti òkè. Obìnrin ni, ó ti ń hu ewú, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí orí rẹ̀ fi gbóná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹ tó bínú.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní wọ́n ti jalè yìí, ibẹ̀ ni gbogbo ayé Àwòdì wà nígbà tó wà lọ́mọ ilé ìwé. Owó tí ìyá rẹ̀ ń fún un láti fi jẹun ọ̀sán, kì í fi jẹ nǹkan kan. Ebi á máa pa á, á sì máa rọ owó náà sínú ìbọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí á fi tó rẹ́kọ́ọ̀dù kan rà. Bó bá di Sátidé, á gba ṣọ́ọ̀bù lọ, á gbọn ìbọ̀sẹ̀ náà jìgìjìgì sórí káńtà, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ oníbọ̀sẹ̀ ti dé! Ẹ sún sẹ́yìn fún oníbàárà mi pàtàkì!"

Háà, ṣọ́ọ̀bù yẹn! Ó ń rùn páálí tuntun, ó ń rùn gọ́ọ̀mù, ó ń rùn eruku tó ti gbóná lára ẹ̀rọ. Wọ́n so páálí rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ okùn lókè bí aṣọ tí wọ́n sá, pẹ̀lú àwòrán àwọn olórin tí wọ́n ń ṣẹ́jú síni. Òfìfo ni gbogbo páálí yẹn o. Àwo fúnra rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lẹ́yìn káńtà, kí àwọn afọwọ́rá má baà gbé e lọ. Bí fáànù bá ti ń yí, gbogbo páálí á máa jó lórí okùn wọn, ọmọ oníbọ̀sẹ̀ náà á sì gbójú sókè máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ojú ọ̀run.

Bàbá Elétí ni wọ́n ń pe onírẹ́kọ́ọ̀dù náà. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwo, tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ariwo ṣìn-ìn lásán lèèyàn ń gbọ́, á ti sọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jẹ́ fún ọ, á sì sọ bóyá ojú àwo ni ìwọ tó ni ín máa ń fọwọ́ kàn, tàbí etí rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí gbọ́ odindi ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù tí kò lówó láti rà. "Ọmọ mi, má gbọ́ orin nìkan," ni yóò wí. "Gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn orin. Akọrin yẹn mí kó tó la ẹnu. Ṣé o gbọ́ ọ?" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ èémí yẹn, gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Títí di òní, bí wọ́n bá bi í léèrè ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa ń sọ, àwọn èèyàn á sì rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Orin kó wọnú fóònù. Àwòdì kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́ fún ọdún gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà síbẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Nítorí náà nígbà tí ìròyìn kàn án láàárọ̀ pé wọ́n ja Bàbá Elétí lólè, kò rán ẹnì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ, tìtìjú tìtìjú, bí ọmọ tí kò kí bàbá rẹ̀ látọdún èṣí.

Bó ṣe wọlé, ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kéré. Tàbí òun ló ti tóbi. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ilé-Ìwé, nítorí iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, fara ti káńtà, ojú rẹ̀ pọ́n. Òun ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wá. Ìyàwó rẹ̀ ló kọrin sínú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kí wọ́n tó fẹ́ra. Kò sí òmíràn níbi kankan mọ́. Obìnrin náà sì ti kú.

"Mo gbé e wá kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́ ni," ni Ọ̀gá Ilé-Ìwé wí. "Ó ti ń há. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wá o!"

Àwòdì yíjú sí arúgbó lẹ́yìn káńtà. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ẹ rántí mi? Èmi ọmọ oníbọ̀sẹ̀."

Bàbá Elétí wò ó lójú, ó ní, "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo tì í mọ́!" Ó ń pariwo bí ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀.

Àánú ṣe Àwòdì. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìbànújẹ́ ti da Bàbá lórí rú. Ó béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní láti tún un béèrè kí Bàbá tó dáhùn. "Èmi àti àbúrò ìyàwó mi!"

Àbúrò ìyàwó náà nìyẹn, Àǹtí Jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ló ti ń bá Bàbá dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀ kéré débi pé oníbàárà ní láti na ọrùn sórí káńtà kó tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti yọjú. "Mo rí Àǹtí lánàá nírọ̀lẹ́ o. Ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ jáde, ó fi aṣọ wé e mọ́ àyà."

"Kí lẹ gbé, Àǹtí?"

Àǹtí Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó wo Bàbá, ó sì pa á dé. Bàbá ń wolẹ̀.

Kò ju ìyẹn lọ. Inú bí Àwòdì débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn: ta ló láyà láti ja Bàbá rẹ̀ yìí lólè, nínú ilé rẹ̀, ẹni tó ń bá a jẹun? Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ mú un gba ojú pópó lọ. Àwọn èèyàn jáde síwájú ilé. Ẹnìkan kígbe "Olè!" ẹlòmíràn sì gbà á. Bàtà Àǹtí kan bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, Àwòdì sì tì í síwájú. "Ẹ máa lọ jàre."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, bàtà yẹn ló ń rò nígbà tí Sájẹ́ǹtì rẹ̀ ń sáré bọ̀, ọkùnrin kan tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́.

"Ọ̀gá, ọwọ́ ti ba nǹkan pẹlẹbẹ yẹn!"

"Rẹ́kọ́ọ̀dù náà?"

"Dígí."

"Dígí wo?"

"Dígí tí a fi ń wojú. Ọ̀dọ̀ onídígí lẹ́yìn ilé epo ló gbé e lọ. Kékeré ni, ó ní kí wọ́n bá òun fi ńlá pààrọ̀ rẹ̀. Onídígí ṣì gbé e sílẹ̀ dè é." Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Ó ṣàlàyé fún onídígí o. Ó ní ó fẹ́ èyí tí ẹni tó bá jókòó, tó kẹ̀yìn, á fi rí ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù pa pọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n olè! Ó fẹ́ máa ṣọ́ Bàbá ni, kó lè mọ ìgbà tí wọn ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Níwájú ta ni dígí náà máa wà?"

"Níwájú bẹ́ǹṣì tí Bàbá fi ń ṣiṣẹ́."

"Nígbà náà, ta ló máa fi ṣọ́ ta?" Àwòdì bi í. "Ẹni tó fẹ́ jà ọ́ lólè, ṣé á gbé dígí fún ọ kí o máa fi wo ẹ̀yìn rẹ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Sájẹ́ǹtì. "Bẹ́ẹ̀ ni o. Kí wá ni Bàbá fẹ́ fi wíwo ẹ̀rọ ṣe? Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá parí, ṣebí wọ́n á gbọ́."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwòdì mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́ lórí tábìlì, ó ní kí Sájẹ́ǹtì máa bọ̀.

Ọ̀dọ̀ onírédíò ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ó ti tú ikùn rédíò kan sílẹ̀, ó ń fi iná jó nǹkan mọ́ ọn nínú. Bàtà Àǹtí Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní òun ló ṣà á kí mọ́tò má baà tẹ̀ ẹ́.

"Yàtọ̀ sí nǹkan pẹlẹbẹ yẹn, kí lẹ tún rí lánàá?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kí lẹ gbọ́?"

Ọkùnrin náà sọ irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yìí látàárọ̀. "Gbígbọ́ kẹ̀? Etí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya! Látọ̀sán ni orin kan ti há síbì kan nílé kejì. 'Dúró dè mí, dúró dè mí, dúró dè mí.' Mo gbá ògiri. 'Dúró dè mí.' Mo mú sípánà, mo tún gbá a. 'Dúró dè mí!' Mo ní àbí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Bàbá nìkan. Àǹtí ti lọ yọ eyín lọ́sibítù. Ìgbà tó dé nírọ̀lẹ́ ló tó dákẹ́, kò sì pẹ́ sígbà náà ló gbé nǹkan yẹn jáde."

"Bóyá Bàbá jáde lọ síbì kan," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Tàbí kí wọ́n sùn lọ."

"Sùn kẹ̀! Mò ń rí ọwọ́ wọn lójú fèrèsé, wọ́n ń lẹ páálí. Wọ́n tiẹ̀ ń mi orí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún mi láàárọ̀?"

"Nǹkan pẹlẹbẹ nìkan lẹ bi mí," ni onírédíò wí. "Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ti ń wọ́ ọ lọ."

Òótọ́ ni. Àwòdì mú bàtà náà nílẹ̀, ó gbá eruku ara rẹ̀ nù, ó tì í bọ abíyá. Ó ń rántí ọjọ́ kan tí rẹ́kọ́ọ̀dù oníbàárà kan fò lẹ́ẹ̀kan péré, tí Bàbá Elétí sáré jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ọṣẹ lójú, tó ń kígbe pé kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn, ó ń dun àwo. Ọkùnrin yẹn kan náà ni rẹ́kọ́ọ̀dù há mọ́ lẹ́yìn látọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń lẹ páálí tó ń mi orí. Àwòdì ti mọ̀, ó wu ú kí òun má mọ̀.

Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí. Bàbá Elétí jókòó sídìí bẹ́ǹṣì, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi gọ́ọ̀mù ra etí páálí kan. Lára ògiri iwájú rẹ̀, ìṣó kan wà tí kò gbé nǹkan kan, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ibi tó kù lọ, níbi tí dígí kékeré ti wà rí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá ń ra gọ́ọ̀mù lọ.

Àwòdì ju kọ́kọ́rọ́ sórí káńtà, ó dún gbarara. Bàbá kò mira. Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́ gbàá lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì kó wọn sápò. Ojú ti Àwòdì bí ẹni tó yọjú wo àgbàlagbà nílé ìwẹ̀. Ó gbé ojú kúrò lára Bàbá, ó gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà èwe.

Fáànù ń yí. Àwọn páálí ń jó lórí okùn. Gbogbo wọn ló ń jó, àfi ọ̀kan nígun. Ìyẹn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò mì.

"Gbé àga yẹn wá," ni Àwòdì sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ yàtọ̀ sí Sájẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Páálí tó wà lókùn, òfìfo ni. Láti kékeré mi ni wọ́n ti jẹ́ òfìfo. Èyí tí afẹ́fẹ́ ò lè gbé yẹn ti jẹun yó."

Ó gun àga, ó tú u sílẹ̀. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ fi owó ìbọ̀sẹ̀ rà ni, àwòrán rẹ̀ ti ṣá. Ó fọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa àwo kan jáde níhòòhò, láìsí bébà lára. Nítòsí àárín rẹ̀, òrùka funfun kan wà níbi tí abẹ́rẹ́ ti gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ kòtò.

Bóyá àga ló mi ilẹ̀, Bàbá Elétí yíjú padà. Ó rí Sájẹ́ǹtì. Ó rí Àwòdì lórí àga, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwòdì sọ̀kalẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó sì la ẹnu dáadáa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Etí yín, Bàbá. Láti ìgbà wo?"

Arúgbó náà wo ẹnu rẹ̀ pẹ́. "Ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ kí ìyàwó mi tó kú," ó wí. "Èyí tó kù bá a lọ."

"Ta ló mọ̀?"

"Àbúrò mi nìkan. Òun ni etí mi. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, á dojú kọ mí, á tún un sọ láìgbé ohùn sókè kí n lè ka ẹnu rẹ̀. Bí àwo bá parí, á fọwọ́ kàn mí léjìká." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Mo fọ rẹ́kọ́ọ̀dù Ọ̀gá tán, mo gbé e kọ kí abẹ́rẹ́ lè kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo kẹ̀yìn sí i. Mò ń rántí orin kan nínú orí mi, mo ti gbàgbé pé òmíràn ń lọ lẹ́yìn mi. Ìgbà tí àbúrò mi wọlé, ó sáré kọjá lára mi. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí, mo mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè mí!" Ohùn rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù. "Kí ni wọ́n á máa pè mí? Ta ló máa gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wá fún adití? Mo bẹ àbúrò mi kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tó lọ ni mo fi í pamọ́ sókè yẹn. Ọ̀gá wá dé ní kùtùkùtù, ó nawọ́, ó ní òun wá gba ìyàwó òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: wọ́n ti jí i. Mi ò gbọ́ ohun tí onírédíò sọ. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò gbọ́ ọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ mọ ohun tó jẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sì wolẹ̀."

Bàbá Elétí tún wolẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti kún un. "Mo mọ̀ ọ́," ó wí. "Mo ti mọ̀ ọ́ látàárọ̀. Ìwọ lọmọ oníbọ̀sẹ̀. Ṣé o ò lè bá mi bò ó? Sọ pé olè ìta ni, pé ó ti sá lọ. Tú àbúrò mi sílẹ̀, kí o fi ẹyọ kan yìí bò mí láṣìírí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ Àwòdì lára. Bí ẹnikẹ́ni bá yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń purọ́ fún, òun náà nìyí. Ó ti la ẹnu láti gbà. Bàtà abẹ́ abíyá rẹ̀ ló kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, bí mo bá ní olè ìta ni, àdúgbò á ní àánú ló ṣe mí tí mo fi tú u sílẹ̀. Olè ni wọ́n á máa pè é títí wọ́n á fi sin ín. Ẹ kọ́ mi pé kí n máa gbọ́ èémí ẹni kó tó la ẹnu. Láàárọ̀ yìí, Àǹtí mí, ó wò yín, ó pa ẹnu dé. Ojú mi báyìí ló ṣe é, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwa méjèèjì la dì í lókùn. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ tú u."

Bàbá Elétí mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ọ̀gá Ilé-Ìwé ti ń dúró, ó wá buwọ́ lu ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n mú Àǹtí Jẹ́jẹ́ jáde. Bó ṣe rí Bàbá, kò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tú òun sílẹ̀. Ó dojú kọ ọ́, ó la ẹnu gbàgà lórí ohùn kékeré rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti jẹun?"

Bàbá bú sẹ́kún. Níbẹ̀ ló ti ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń pariwo láìmọ̀, débi pé àwọn tó ń kọjá lójú pópó dúró gbọ́. Nígbà tó parí, Àwòdì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà lé Ọ̀gá Ilé-Ìwé lọ́wọ́. Ọkùnrin náà fi ìka kan òrùka funfun yẹn.

"Ibi tó ti ń kọ 'dúró dè mí' nìyí," ó wí. "Ibẹ̀ nìkan ló dá kọ. Ibi tó kù, èrò ló ń bá a kọ ọ́."

"Kí ló wí?" Bàbá bi Àǹtí.

Àǹtí mi orí pé rárá.

"Sọ ọ́ fún mi. Ó tọ́ sí mi."

Ó sọ ọ́. Bàbá Elétí fi fìlà bo ojú. Ọ̀gá Ilé-Ìwé gbá rẹ́kọ́ọ̀dù náà mọ́ àyà, ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́, ó sì jáde láìkí ẹnì kan. Kò sí ẹni tó lè bá a wí.

Àwòdì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ó fi bàtà náà sí Àǹtí Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Àǹtí. Sájẹ́ǹtì ń gbé mọ́tò bọ̀, ká gbé yín délé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín."

"Ṣé mọ́tò lẹ fi gbé mi wá?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Ọ̀nà tí a gbà wá náà ni ká gbà padà."

Bí wọ́n ṣe tún gba ojú pópó nìyẹn. Àwòdì ló ṣíwájú. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan tí èèyàn ti jáde wò wọ́n láàárọ̀ ló ti ń dúró, tó ń wí pé, "Àǹtí kò jalè o. Èmi ni mo ṣì í mú." Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí tí Bàbá sọ lágọ̀ọ́ ti sáré dé iwájú wọn. Lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù onírédíò, àwọn kan ti kóra jọ, obìnrin kan nínú wọn sì na ìka. "Ẹ wá wo Bàbá Elétí! Elétí tí kò gbọ́ nǹkan kan! Gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa láti fi gbọ́ràn ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Bàbá Elétí dúró. Ó yíjú sí Àǹtí Jẹ́jẹ́. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Àǹtí dojú kọ ọ́, ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Arúgbó náà wo ẹnu rẹ̀. Ó wá wo ẹnu obìnrin tó ń na ìka, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, Àwòdì sì mọ̀ pé ó ti ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán.

"O ṣeun, àbúrò mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó yí ojú sí gbogbo wọn, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!" ló kígbe. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé!"

Ẹ̀rín dá. Obìnrin náà ká ìka rẹ̀ mọ́ inú ọwọ́. Ó dá a lóhùn wẹ́lẹ́, ó wá rántí pé kò lè gbọ́ òun, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń jù ú sí i.